Káàdì 24 ni mo sanwó fún, 12 ni mo rí lò

₦3,600 ni mo san ní ìsọ̀ atẹ̀wé kan ní Àkúrẹ́, ₦150 fún káàdì kan. Ìdajì rẹ̀ ló ṣòfò. Ó ṣì ń dùn mí.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí káàdì kọ̀ọ̀kan to lẹ́tà mẹ́rin inú Oǹdó ní ọ̀nà tirẹ̀, kí àwọn ọmọ SS2 fi kọ́ permutation, ìyẹn kíka iye ọ̀nà tí a lè gbà to nǹkan. 4 × 3 × 2 × 1, ó di 24. Ìṣirò mi pé, torí o àti ó kì í ṣe ọ̀kan náà: àmì ohùn ló yà wọ́n.

Atẹ̀wé yọ gbogbo àmì ohùn kúrò, ó tẹ ONDO. O méjèèjì wá di ìbejì tí ẹnikẹ́ni kò lè dá mọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé káàdì méjì péré ni yóò bàjẹ́, pé 22 ṣì dára. Mo kà á títí, kò bá 22 mu.

Bírò aláwọ̀ méjì ló tú u. Mo fi pupa kọ O kan, mo fi búlúù kọ èkejì, mo to gbogbo 24 sílẹ̀, mo wá kà wọ́n bí ẹni tí kò rí àwọ̀. Gbogbo wọn ló ní ẹnì kejì; kò sí èyí tó dá wà, kò sì sí èyí tó di mẹ́ta. Nítorí náà pípín ni, kì í ṣe yíyọ: 24 ÷ 2 = 12. Èyí tí O ṣáájú jẹ́ 6, ti N 3, ti D 3. Ó pé géérégé!

Ẹ ṣọ́ra fún Ọ̀wọ̀ o. Àmì ohùn kò lè gba ìyẹn sílẹ̀, ohùn kan náà ni ọ̀ méjèèjì ní: 6 ÷ 2 = 3. Àkúrẹ́ kò ní àtúnwí, 120 ni. Òkìtìpupa ní ì méjì àti p méjì nínú lẹ́tà 9: 362,880 ÷ (2 × 2) = 90,720. Ẹ má gbé ìyẹn lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.

Ti combination, ìyẹn mímú nǹkan láìka bí a ṣe tò ó sí, kò pẹ́ rárá. Kí a mú ọmọ 3 nínú 8 láìsí oyè: 8 × 7 × 6 = 336, a pín in sí 6, torí ọ̀nà 3 × 2 × 1 ni a lè gbà to ọmọ mẹ́ta kan náà, ó di 56. Bí alága, akọ̀wé àti akápò bá wà nínú wọn, 336 dúró.

Ẹ fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà fún atẹ̀wé pẹ̀lú àmì ohùn, kó tẹ ẹyọ kan kí ẹ wò ó, kí ẹ tó sanwó èyí tó kù.