Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Gbá Bọ́ọ̀lù Ẹ̀: Àṣìṣe Tí Mò Ń Rí Lọ́wọ́ Òbí àti Ọmọ Ní Gbogbo Sátidé

Ó ti pé ọdún 14 báyìí tí mo ti ń kọ́ ọmọdé ní bọ́ọ̀lù n'Ìbàdàn, láti ọmọ ọdún 7 dé 15. Sátidé tó kọjá yìí, mi ò lè jẹun nígbà tí mo délé. Àwọn ọmọ ọdún 9 ló ń gbá bọ́ọ̀lù o, ọmọ ọdún 9! Réfẹ́rì ò fún wọn ní pẹ́nárítì, ni bàbá kan bá já wọ àárín pápá, ó fún réfẹ́rì lọ́rùn aṣọ, ó ń bú ìyá ẹ̀. Réfẹ́rì tí mò ń sọ yìí, ọmọ ọdún 17 ni, èmi ni mo kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù láti kékeré, a ní kó wá máa fọn fèrè fún wa kó lè máa fi rí owó mọ́tò àti owó fọ́ọ̀mù JAMB ẹ̀. Láti ọjọ́ náà mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ eléyìí. Mi ò ní ṣàlàyé ọ́fúsáìdì fún yín, ẹ ti mọ̀yẹn. Ohun tó ń ba àwọn ọmọ jẹ́ lójú wa, tó tún ń kó owó lápò yín, ni mo fẹ́ sọ.

1. Bọ́ọ̀tù tó ju ẹsẹ̀ ọmọ lọ. Ẹ máa ń ra bọ́ọ̀tù olówó gọbọi, ẹ tún máa mú èyí tó tóbi torí pé "á dàgbà bá a". Ẹsẹ̀ ń yí nínú bàtà, kòkósẹ̀ ń bó, ọmọ ò lè sáré. Ẹ ra èyí tó bá a mu, òkìríkà náà dáa. Kẹ́ ẹ sì má ra bọ́ọ̀lù size 5 fún ọmọ ọdún 8, ti àgbà nìyẹn, size 3 ló yẹ ẹ́, tó bá ń lọ sí 10 kó bọ́ sí size 4. Ẹ tún jẹ́ kí n fi eléyìí kún un: ní Amẹ́ríkà, láti 2015 ni wọ́n ti ní kí ọmọ ọdún 10 sísàlẹ̀ má fi orí kan bọ́ọ̀lù rárá, ní England náà, láti 2020 wọn ò fi kọ́ àwọn ọmọ praímárì mọ́ níbi tírénì, nítorí ọpọlọ tó ṣì ń dàgbà. Níbí ńkọ́? Bọ́ọ̀lù tó le bí àgbọn ń bọ̀ látòkè, bàbá kan ń pariwo "Kàn án! Fi orí kàn án!" sí ọmọ tí eyín iwájú ẹ̀ ò tíì hù tán.

2. Kẹ́ ẹ máa fún kóòsì lówó kó lè fi ọmọ yín sí àwọn 11 àkọ́kọ́. Ìyá kan gbé kúlà ìrẹsì wá fún mi lọ́jọ́ kan, àpòòwé wà lábẹ́ ìdérí. Gbogbo àwọn ọmọ jẹ ìrẹsì náà, mo dá àpòòwé padà fún wọn, wọ́n bínú, wọ́n ní mò ń ṣe fọ́ńté. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kóòsì tó bá gba tiyín lónìí á gba ti ẹlòmíì lọ́la, bẹ́ǹṣì lọmọ yín á padà sí. Ọmọ náà sì mọ̀! Àwọn ọmọ mọ ẹni tí wọ́n fi owó mú wọlé láàárín ara wọn, wọn ò ní pásì bọ́ọ̀lù fún un.

3. Pípariwo láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Èyí ló ń dùn mí jù, ẹ jẹ́ kí n ráyè sọ ọ́.

Ẹ fojú inú wò ó. Bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ ọmọ ọdún 10. Àkókò tó ní láti ronú ò ju ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lọ, ó fẹ́ wo ẹni tó ń bọ̀ wá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀, ó fẹ́ wo ẹni tó lè pásì fún, ó fẹ́ wo ibi tí àyè wà. Àsìkò yẹn gan-an ni bàbá ẹ̀ ń pariwo "Gbá a!", ìyá ọmọ míì ní "Pásì ẹ̀!", àwọn ẹ̀gbọ́n tó wà lórí ọ̀kadà ní "Dá a dúró!", èmi kóòsì náà ní tèmi lẹ́nu. Kí ni ẹ fẹ́ kí ọmọ ṣe? Ojú bàbá ẹ̀ ló máa wò. Mo kà á fún ọmọ kan lọ́jọ́ kan, nínú ìdajì tó jẹ́ 20 mínìtì, ìgbà 17 ló yíjú sí bàbá ẹ̀. Tí wọ́n bá ti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹ̀ tán, bàbá kan náà á tún ní "ṣé ojú ẹ fọ́ ni?"

Ọmọ yẹn ni mo fẹ́ sọ ìtàn ẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ló ń lò, mi ò tíì rí irú ẹsẹ̀ òsì bẹ́ẹ̀ lára ọmọdé látìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Tó bá gbé bọ́ọ̀lù gba lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìnì, àwọn tó ń ta gúgúrú á dá ọjà dúró kí wọ́n wò ó. Bàbá ẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, kò sí Sátidé tí wọn kì í wá, nínú òjò nínú oòrùn. Àmọ́ ẹnu wọn! "Òpònú." "Ọ̀dẹ̀ ni ẹ́." "Ṣé nítorí irú èyí ni mo ṣe ń sanwó?" Lójú gbogbo èèyàn. Nígbà tó yá, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé inú ń run òun, gbogbo alẹ́ Fúráìdé ni. Ìyá ẹ̀ gbé e lọ ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ra oògùn, owó lọ, dókítà ò rí nǹkan kan. Sátidé kan wá wà tí bàbá rìnrìn àjò lọ Ìlọrin. Ọmọ gbá gólì mẹ́ta wọlé lọ́jọ́ yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín títí tírénì fi parí, inú kankan ò run ún.

Mo ní kí n fọgbọ́n sọ ọ́ fún bàbá. Mo lọ bá wọn nílé, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ yìí ń bẹ̀rù yín lórí pápá." Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ gba ọmọ mọ́ àwọn lọ́wọ́ ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n mú un lọ sí akádẹ́mì míì. Ó tó ọdún méjì kí n tó tún rí i, ní Mọ́kọ́lá, ó ti ga. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, mo bi í léèrè bọ́ọ̀lù. Ó ní "Mi ò lọ pápá mọ́, kóòsì. Àmọ́ mo máa ń gbá a ládùúgbò tí bàbá mi ò bá sí ńlé." Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń gún mi lọ́kàn dòní.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ohun tí wọ́n sọ fún wa nìyẹn. Lórí pápá wa, àgbà wà lọ́jà, àgbà gan-an ló ń fa orí ọmọ tuntun wọ́.

Èmi náà ti jẹ̀bi ẹ̀ rí, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ní bí ọdún 5 tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ohùn mi máa ń há ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, gbogbo ìṣísẹ̀ ni mò ń pàṣẹ ẹ̀, mo rò pé ohun tó ń jẹ́ kóòsì nìyẹn. Ọmọbìnrin kékeré kan ló dá bọ́ọ̀lù dúró lójú ìjà, ó wojú mi, ó ní "Kóòsì, ṣé kí n gbá a ni àbí kí n máa dúró dè yín?" Látìgbà yẹn ni mo ti kọ́ ẹnu mi níjàánu.

Ohun tí a wá ń ṣe báyìí ni pé a na okùn sí mítà 3 sẹ́yìn láìnì, kò sí òbí tó gbọ́dọ̀ kọjá ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù a máa ń ṣe Sátidé Kẹ́kẹ́-pa: pípàtẹ́wọ́ nìkan, òbí ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, kóòsì ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a ṣe é, ojú wa ló ṣe é tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yìn ẹ o!" "Fi í sílẹ̀, tèmi ni!" Wọ́n ní ohùn tẹ́lẹ̀, àwa ni ò jẹ́ kó jáde.

Tí wọ́n bá pàdánù, ẹ ní "o kú iṣẹ́", ẹ fún un lómi. Nínú mọ́tò tẹ́ ẹ bá ń lọlé, ẹ má dá ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ àfi tóun fúnra ẹ̀ bá dá a sílẹ̀.

Ó kan àwọn ọmọ náà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yin ọmọ náà ẹ gbọ́. Ọmọ tí wọ́n bá yọ tó bọ́ jẹ́sì sọ sílẹ̀, kò ní gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ tèmi. Kí ló tiẹ̀ ń bí i nínú? Nínú bọ́ọ̀lù ọmọdé, òfin gbà á pé ẹni tí wọ́n yọ lè padà wọlé tí àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè bá ti fọwọ́ sí i, ìsinmi lásán ni. Títutọ́ sí èèyàn lára, kádì pupa ni, kò sí yẹ́lò níbẹ̀. Ṣíṣubú lulẹ̀ bí ẹni tí wọ́n yìnbọn lù nígbà tí ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn ọ́: tẹlifíṣàn lẹ ti rí i, ẹ fi síbẹ̀. Kẹ́ ẹ máa pe kípà yín ní apẹ̀rẹ̀ torí gólì wọlé, èmi ò fẹ́ gbọ́ ọ láéláé, ẹni mẹ́wàá ni bọ́ọ̀lù kọjá lára wọn kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Mo sì ti rí ìyá tó jókòó sẹ́yìn gólì tó ń bá wọn rẹ́rìn-ín kípà, ọmọ ọlọ́mọ tó ń sunkún.

Énájì dírinkì kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀: rárá o. Omi.

Òróró àdúrà lára òpó gólì: ẹ gbàdúrà nílé kẹ́ ẹ tó máa bọ̀.

Kẹ́ ẹ máa yọ ọmọ lẹ́nu ẹ̀kọ́ nítorí bọ́ọ̀lù: ẹ má ṣe é.

Kẹ́ ẹ máa fi ọmọbìnrin tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ṣe yẹ̀yẹ́: ẹ jáwọ́. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú yìí náà ni, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló ti gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dáa jù ní Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ òun fúnra ẹ̀ sọ pé àwọn òbí òun ò kọ́kọ́ fẹ́ kóun gbá bọ́ọ̀lù.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń já ọjọ́ orí ọmọ, tẹ́ ẹ ń lọ bura ní kóòtù láti sọ ọmọ ọdún 15 di 12, owó yẹn ti wọgbó. Ẹ rántí pé 1989 ni FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, fi ọdún 2 lé Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ nítorí ọjọ́ orí tí kò bára mu, ìdíje àgbáyé ọ̀dọ́ ti 1991 tó yẹ kó wáyé nílẹ̀ wa, Portugal ló gbé e ṣe. Nígbà tí a gba ìdíje àwọn tí ò tíì pé 17 lálejò ní 2009, ẹ̀rọ MRI ti dé, ọrùn ọwọ́ ọmọ ni wọ́n ń yà, tí egungun ibẹ̀ bá ti so pọ̀ tán, a jẹ́ pé ó ti ju 17 lọ nìyẹn, ilé ló ń lọ. Ní 2016, àwọn ọmọ Golden Eaglets, ẹgbẹ́ Nàìjíríà ti àwọn tí ò tíì pé 17, 26 ni MRI lé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwé ìbúra ò lè bá egungun jiyàn.

Èyí tó ń ká mi lára ju ti FIFA lọ ni ọmọ tí wọ́n ń kó irú ẹni bẹ́ẹ̀ lù. Mo ti gbé ọmọ ọdún 11 lọ ọsibítù, egungun èjìká ẹ̀ dá, ẹni tó kọ lù ú ti ń fá irùngbọ̀n. Wọ́n ní ọmọ ọdún 11 lòun náà. Nígbà tí mo bi í ní kọ́rọ̀ pé kíláàsì wo ló wà, ó ní "SS1, sà", ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ní kí n má sọ fún bàbá òun pé òun sọ ọ́. Ọmọ dáadáa ni. Irọ́ àgbàlagbà ló gbé sórí.

Éjẹ́ǹtì, ẹni tó ń bá agbábọ́ọ̀lù wá kílọ́ọ̀bù, ńkọ́? Ìyá kan ta ẹ̀rọ ìlọta àti fìríìsà ṣọ́ọ̀bù wọn nítorí ọkùnrin kan tó ní òun máa mú ọmọ wọn, ọmọ ọdún 14, lọ gbá bọ́ọ̀lù fún kílọ́ọ̀bù kan ní Yúróòpù. Físà ò jáde, fóònù ọkùnrin náà ò lọ mọ́. Òfin FIFA ò gbà kí ọmọ tí ò tíì pé 18 kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì fún kílọ́ọ̀bù, àfi nítorí ìdí díẹ̀ kan, bí i kí àwọn òbí ẹ̀ ti kó lọ síbẹ̀ fún nǹkan tí kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ń bá yín sọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 14 àti Yúróòpù, tó ń béèrè owó lọ́wọ́ yín, ẹ dìde níbẹ̀. Éjẹ́ǹtì gidi máa ń ní láísẹ́ǹsì FIFA, ìdánwò ni wọ́n fi ń gbà á, orúkọ wọn sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì FIFA tẹ́ ẹ lè wò láìsan kọ́bọ̀.

Tírénì máa wà ní Sátidé yìí, aago 7 àárọ̀. A ò tíì ní réfẹ́rì. Mo ṣì máa pe ọmọ yẹn lálẹ́ òní. Bàbá tó fún un lọ́rùn aṣọ, tẹ́ ẹ bá ń ka eléyìí, ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò bá yín jà, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sílé wọn ní Fúráìdé ká lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ti bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn máa gbà wá lálejò.