Ìgò wísíkì kan ní Ìlú Ọba: èló ni owó ọtí, èló ni tìjọba?

Ẹ mú ìgò wísíkì 70cl kan tí wọ́n ń tà ní £16 ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2025. Ẹni tó pọn ọtí náà, ẹni tó rọ ọ́ sígò, ẹni tó fi ọkọ̀ kó o àti ẹni tó tà á, £4.15 ni gbogbo wọn yóò jọ pín. Ìjọba ló mú ìyókù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí ìṣirò yìí náà ni ẹ óò fi mọ ọtí tí kò yẹ kí ẹ fọwọ́ kàn, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀pọ̀ tó.

Owó orí ọtí líle kì í wo iye tí wọ́n ń tà á. Ìwọ̀n ọtí pọ́ńbélé tó wà nínú ìgò ló ń wò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025, wọ́n gbé e sí £32.79 lórí lítà ọtí pọ́ńbélé kan. Bí wọ́n bá kọ 40% sára ìgò 70cl, ẹ sọ 0.7 (ìyẹn 70cl ní lítà) di ìlọ́po 0.40: lítà 0.28 nìyẹn. Ẹ wá sọ ìyẹn di ìlọ́po 32.79, yóò fún yín ní £9.18. Iye yìí, tí a fi ṣe gbogbo ìṣirò tó wà níbí, máa ń yí padà, nítorí náà ẹ wo tọjọ́ tí ẹ ń ṣírò lójú òpó HMRC, iléeṣẹ́ agbowó-orí ìjọba, kí ẹ sì fi rọ́pò 32.79 yẹn. VAT, owó orí ọjà, tún ń bọ̀ lẹ́yìn, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, orí gbogbo owó náà ni wọ́n sì ń gbé e lé, tó fi mọ́ owó orí àkọ́kọ́. Owó orí lórí owó orí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Nínú £16 yẹn, VAT mú £2.67.

Ìgò tí wọ́n ń tà ní £200, bó bá jẹ́ 40%, £9.18 kan náà ló san. Èyí tí wọ́n rọ láti inú àgbá láìbomi là á, tó jẹ́ 58%, yóò san £13.31.

Ní England àti Wales, láti oṣù Karùn-ún ọdún 2014, ṣọ́ọ̀bù kankan kò gbọdọ̀ ta ọtí ní iye tó kéré sí owó orí àti VAT orí rẹ̀. Fún ìgò wa yìí, £11.02 ni. Ẹni tó bá wá ń tà á fún yín ní £8 láti inú bùútù mọ́tò, yálà ó jí i, tàbí kò san owó orí, tàbí kì í ṣe wísíkì rárá. Ní Scotland, òfin mìíràn wà níbẹ̀: láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, 65p ni ó kéré jù lórí yúnìtì kan, ìyẹn mìlílítà 10 ọtí pọ́ńbélé. Yúnìtì 28 ló wà nínú ìgò náà, nítorí náà kò lè wálẹ̀ ju £18.20 lọ. Owó tó lé yẹn kì í ṣe owó orí o. Ọwọ́ ẹni tó tà á ló ń wà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ̀ alátapọ̀ tí HMRC fọwọ́ sí nìkan ni kí ẹ ti ra ọjà. Nọ́ńbà rẹ̀ máa ń ní lẹ́tà AW nínú. Ẹ wò ó lára rìsíìtì, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lójú òpó ìjọba kí ẹ tó sanwó. Bí kò bá sí nínú ìwé wọn, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé ọjà yín, kódà kí wọ́n ti san owó orí rẹ̀. Àwọn kan ṣì ń sọ pé kí ẹ wá sítáǹbù owó orí lára ìgò. Ìmọ̀ràn àtijọ́ nìyẹn: ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni wọ́n fòpin sí sítáǹbù náà.

Òde ṣíṣe gan-an ló máa ń kó àwa èèyàn yìí sí wàhálà. Bí ẹ bá ń fún àlejò lọ́tí lọ́fẹ̀ẹ́ níbi ìkómọ, kò sí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n bí owó tíkẹ́ẹ̀tì bá ti kó ọtí mọ́ra, tàbí tí ẹ ní kí èèyàn ju “ọrẹ” sínú àpótí kó tó gba ife, títà ni òfin pè é. Ẹ kọ́kọ́ bi onílé họ́ọ̀lù bóyá ó ní láíséǹsì, kí ẹ sì bi í pé aago mélòó ló parí. Bí kò bá ní, tàbí tí aago rẹ̀ kò tó yín, ní England àti Wales ẹ óò fi ìwé tí wọ́n ń pè ní Temporary Event Notice ránṣẹ́ sí káńsù àdúgbò họ́ọ̀lù náà, £21. Ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ṣáájú òde, láìka ọjọ́ tí wọ́n gbà á àti ọjọ́ òde fúnra rẹ̀. Ẹ lè fi ránṣẹ́ nígbà tó bá ku ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún sí mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá takò ó, ó parí, kò sí àyè pé ẹ ń ro ẹjọ́. Èèyàn 499 ni ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà mọ, ẹ sì máa ka alásè, DJ àti àwọn ẹ̀ṣọ́ mọ́ wọn. Jọ́lọ́ọ̀fù gbígbóná tí ẹ bá ń tà lẹ́yìn aago 11 alẹ́ náà wà lábẹ́ òfin yìí.

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti òkè òkun, lítà 4 ọtí líle ni ẹ lè gbé wọlé láìsan nǹkan kan. Ìgò 70cl márùn-ún kò kọjá ààlà. Mẹ́fà di lítà 4.2, orí gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ẹ óò sì ti sanwó, kì í ṣe orí ẹ̀kẹfà nìkan.

Ó ku àgbá. Àwọn kan máa ń pe èèyàn lórí fóònù pé kó wá ra àgbá wísíkì Scotland, pé owó yóò bí owó. FCA, iléeṣẹ́ tó ń ṣọ́ àwọn oníṣòwò owó ní Ìlú Ọba, kì í bójú tó òwò yìí. Wísíkì gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, nínú àgbá onígi óákù, ní ilé ìkẹ́rùsí tí ìjọba mọ̀ sí, ẹ kò sì lè gbé e lọ sí gáréèjì yín. Nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ló ń fẹ́ lọ lọ́dọọdún. Bó bá sì wálẹ̀ kọjá 40%, wọn kò lè pè é ní Scotch mọ́. Ìwé ẹ̀rí aláràbarà tí wọ́n tẹ̀ fún yín kò sọ pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Èyí tó ṣe pàtàkì ni delivery order, ìwé tí ẹni tó ni àgbá fi ń sọ fún ilé ìkẹ́rùsí pé ó ti di tiyín, tí ilé ìkẹ́rùsí fúnra rẹ̀ sì gbà wọlé. Ẹ wá nọ́ńbà fóònù ilé ìkẹ́rùsí fúnra yín, ẹ má gba èyí tí ọlọ́jà fún yín, kí ẹ ka nọ́ńbà àgbá fún wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n tún un wọ̀n. Ká ní wọ́n bá lítà 200 nínú rẹ̀ ní 55%: ìgò bí 285 nìyẹn, lítà 110 ọtí pọ́ńbélé. Kò sí owó orí lórí rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá jáde láti wá sílé yín, £3,606.90 ni owó orí rẹ̀ bí a bá fi iye ọdún 2025 ṣírò, VAT àti owó ìrọsígò ṣì ń bẹ lẹ́yìn. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ti ka ìyẹn mọ́ èrè tó ń ṣèlérí.