Bí o ṣe lè wá iṣẹ́ olùtọ́jú àgbà tó ní ìpèníjà ìdàgbàsókè ọpọlọ l'Ábẹ̀òkúta

Má kọ "àánú wọn ń ṣe mí" sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́. Ẹni ọdún 35 tó ní autism tàbí Down syndrome (oríṣi ìpèníjà ìdàgbàsókè ọpọlọ méjì) kì í ṣe ọmọdé. "Ẹ" ló tọ́ sí i, bó o bá kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ohun tó o ti fọwọ́ ara rẹ ṣe ni kó o kọ: o ti wẹ̀ fún ẹni tí kò lè dá wẹ̀, o ti fún ènìyàn lóògùn lásìkò, o sì kọ aago tó o fún un sílẹ̀. Ojú ewé kan ti tó.

Kó NIN, ìwé ẹ̀rí rẹ àti orúkọ ẹlẹ́rìí méjì tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí dání. Kọ́kọ́ pe àwọn ẹlẹ́rìí náà, kí ìpè má bàa bá wọn lójijì. Bí agbanisíṣẹ́ bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí ìwà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, tètè bẹ̀rẹ̀; ní Eléwéẹran ni olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Ògùn wà.

Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n lè bi ọ́ pé: bí wárápá bá gbé ẹni tí ò ń tọ́jú ńkọ́? Jọ̀wọ́, má dáhùn pé wàá ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Eyín lè kán, èémí sì lè há. Wo aago, kó ohun líle kúrò nítòsí, fi aṣọ rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, kó o sì dà á dẹ̀gbẹ́. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn yá. Kò gbọdọ̀ mu omi títí yóò fi jí dáadáa.

Kó o tó fọwọ́ síwèé, béèrè owó oṣù, iye ènìyàn tí wàá máa tọ́jú, àti ẹni tí wàá pè lóru. Ẹni tó bá ní kó o sanwó kó o tó rí iṣẹ́, fi í sílẹ̀.