Oyin Ló Ń Kẹ́yìn: Ìtọ́sọ́nà fún Yíyan Ọ̀dùnkún, Kárọ́ọ̀tì àti Àlùbọ́sà Olóyin

Bí tíréè bá jáde nínú ófùnù, tí ara ọ̀dùnkún dúdú bí ìdí ìkòkò, tí inú rẹ̀ sì tún ń ró kàkà lẹ́nu, ẹ má bá gáàsì jà, ẹ má sì bá ẹni tó ta ọ̀dùnkún fún yín jà. Oyin lẹ ti tètè dà sí i. Àṣìṣe kan náà ni à ń bá pàdé níbi gbogbo tí wọ́n ti ń se oúnjẹ yìí nílẹ̀ Ìbàdàn, láti Mọ́níyà dé Àpáta, nílé ọlọ́mọ méjì àti lọ́dọ̀ alásè tó ń bọ́ igba èèyàn. Ẹni tí kò bá ráyè ka ìwé yìí tán, kó mú ìyí dání kó máa lọ: oyin kì í wọ ófùnù títí yóò fi ku ìṣẹ́jú 10 kí oúnjẹ jáde.

Ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pọ́n bí kárọ́ọ̀tì ni a ní lọ́kàn. Ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Umudike, ní Ìpínlẹ̀ Abia, gbé oríṣi méjì jáde ní 2012 àti 2013, King J àti Mother's Delight, àwọn àgbẹ̀ sì ti ń gbìn ín. Èròjà tí ara ń sọ di fítámì A pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé, bíbọ̀ àti díndín nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Tí ìyẹn bá sú wọn, ó di ti ààtàn. Ọ̀dùnkún funfun náà ṣeé yan, àfi pé kì í rọ̀ tó èyí, nítorí omi inú rẹ̀ kéré.

A kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń bó ọ̀dùnkún.

Ohun tí ẹ óò wá

Ìwọ̀n yìí tó èèyàn 6 tó fẹ́ fi jẹ ẹja yíyan tàbí adìẹ: ọ̀dùnkún 1 kílò, kárọ́ọ̀tì 500 gíráàmù, àlùbọ́sà ńlá 2, òróró ṣíbí ìjẹun 3, iyọ̀ ṣíbí tíì 1.

Ti omi oyin tí a óò fi kùn ún lára lọ́tọ̀: oyin ṣíbí ìjẹun 3, irú ṣíbí ìjẹun 1, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun 1, òróró ṣíbí ìjẹun 1, atalẹ̀ rírin ṣíbí tíì 1, ááyù ojú 2, ata gígún ìdajì ṣíbí tíì. Ṣíbí ìjẹun tí à ń wí ni èyí tó ń gba 15 mílílítà, kó sì dọ́gba pẹ̀lú ẹnu ṣíbí. Kì í ṣe ṣíbí tí wọ́n fi ń bu ọbẹ̀, tí wọ́n tún wá bu ún gogoro.

Irú pẹ̀tẹ̀ ló rọrùn jù, torí ó ti rọ̀ fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ wooro lẹ ní, ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ṣa òkúta inú rẹ̀, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ kúnná. Wooro odindi nínú omi oyin yóò jóná lórí tíréè kí nǹkan mìíràn tó jiná. Ẹ tọ́ irú wò kí ẹ tó da iyọ̀ sí nǹkan kan: ọ̀pọ̀ irú tó ń bọ̀ láti ọjà ni wọ́n ti da iyọ̀ sí kó má bàa bàjẹ́. Bí iyọ̀ inú rẹ̀ bá hàn lẹ́nu, ẹ dín iyọ̀ ọ̀dùnkún kù sí ìdajì ṣíbí tíì.

Oyin gidi ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe ṣúgà tí wọ́n sè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki ìṣáná bọ oyin kó sì ṣá a fún yín bí ẹ̀rí. Ìṣáná yóò jó nínú ṣúgà sísè tó bá ki dáadáa, bẹ́ẹ̀ ló sì lè kọ̀ láti jó nínú oyin gidi tí omi rẹ̀ pọ̀. Ẹ ra á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, ẹni tó ní ilé oyin tàbí tó ń gbé e bọ̀ láti Òkè-Ògùn, tẹ́ ẹ sì lè padà lọ bá bí nǹkan kò bá rí bó ṣe yẹ.

Ẹ wo ara ọ̀dùnkún kí ẹ tó sanwó. Èyí tó ní ihò ṣóńṣó-ṣóńṣó bí ojú abẹ́rẹ́, kòkòrò ti wọ inú rẹ̀. Àwọn kan á gé ibi tó dúdú sọnù, wọ́n á lo ìyókù. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kòkòrò bá ń jẹ ẹ́, ọ̀dùnkún fúnra rẹ̀ ló ń ṣe oró kíkorò láti fi gbèjà ara rẹ̀, oró náà sì ń rìn kọjá ibi tí ojú rí. Oyin kò lè bo kíkorò yẹn, iná kì í sì í pa á. Ẹ sọ ọ́ nù, kí ẹ má sì fún ẹran ọ̀sìn jẹ.

Kárọ́ọ̀tì tí orí rẹ̀ bá ní àwọ̀ ewé, ẹ gé ibẹ̀ kúrò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gígé àti gbígbẹ

Ọ̀dùnkún: ínṣì 1 ní gbogbo ìhà. Kárọ́ọ̀tì: ìdajì ínṣì, torí ó le jù ú lọ. Àlùbọ́sà: ẹ là á sí mẹ́jọ láti orí dé ìdí, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdí rẹ̀ so ó pọ̀. Tí gígé kò bá dọ́gba, èyí tó kéré á ti gbẹ kí èyí tó tóbi tó rọ̀, kò sì sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè dá sí i mọ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tán, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ kí ẹ sì nù ún gbẹ. Kì í ṣe kí ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù lásán. Omi tó bá kù lára rẹ̀ ni yóò sè é nínú ófùnù, ẹ ó wá gbé ọ̀dùnkún bíbọ̀ jáde, ẹ ó sì máa pè é ní yíyan. Òróró lẹ óò kọ́kọ́ fi pa á lára. Iyọ̀ ni kí ẹ da sí i kẹ́yìn, nígbà tí ófùnù ti gbóná tẹ́ ẹ sì ti ṣe tán láti gbé e wọlé. Bí iyọ̀ bá wà lára rẹ̀ fún ìdajì wákàtí, yóò ti fa omi jáde.

Tíréè ilé tó fẹ̀ tó ínṣì 16 sí 12 kò gbà ju ìdajì ohun tí a kà sókè yìí lọ. Tíréè méjì nìyẹn, kì í ṣe ọ̀kan. Kí ẹyọ kan má gun èkejì, kí ààyè ìka kan sì wà láàárín wọn. Lẹ́yìn ti oyin, ibí yìí ni àṣìṣe tún pọ̀ sí jù. Ẹ̀rù fífọ tíréè kejì ló ń fà á, a mọ̀.

Ooru

200°C ni. Ófùnù gáàsì tó ní nọ́ńbà, 6 ni. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ara ọ̀pọ̀ ófùnù nílé wa ti parẹ́, tàbí kó máa purọ́. Ẹ fi ṣúgà dán an wò: ẹ bu ṣíbí tíì 1 sórí fọ́ìlì, ẹ gbé e sí àárín ófùnù tó ti gbóná, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Ṣúgà kì í yọ́ títí ooru yóò fi dé nǹkan bí 186°C. Tó bá ṣì jẹ́ hóró bó ṣe wà, iná yín kéré, ẹ fi kún un. Tó bá yọ́ tó sì mọ́, ó dára. Tó bá ti dúdú, ẹ dín iná kù. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ óò ṣe é. Ẹ fi bíìrò sàmì sí ibi tí ẹ yí ọwọ́ iná sí.

Yíyan

Ẹ gbé ọ̀dùnkún àti kárọ́ọ̀tì wọlé láìsí àlùbọ́sà. Ìṣẹ́jú 20, kí ẹ má ṣílẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, ẹ yí wọn padà, ẹ da àlùbọ́sà sí i, kí ẹ sì pààrọ̀ ipò tíréè méjèèjì, kí ti òkè bọ́ sí ìsàlẹ̀. Ó di ìṣẹ́jú 15 mìíràn. Bí ẹ bá da àlùbọ́sà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, etí rẹ̀ á ti gbẹ bí ewé.

Àárín àkókò yìí ni kí ẹ se omi oyin. Ẹ da òróró sínú páànù kékeré, ẹ fi ááyù àti atalẹ̀ sí i lórí iná rírọ̀ títí òórùn wọn yóò fi jáde, ẹ da irú sí i, ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú 1. Ẹ wá da oyin, omi ọsàn àti ata sí i. Ẹ wo bó ṣe ń hó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìfófó rẹ̀ á tóbi, á máa yára bẹ́: omi ló ń jáde nìyẹn. Láàárín ìṣẹ́jú 3 sí 4, ìfófó náà á kéré, á sì wúwo, á máa dìde díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹ ki ṣíbí bọ̀ ọ́, ẹ fi ìka fa ìlà sí ẹ̀yìn ṣíbí náà lẹ́yìn tó bá ti tutù díẹ̀. Bí ìlà náà bá dúró tí kò pa dé, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò dì bí súìtì nígbà tó bá tutù. Tó bá ṣẹlẹ̀, omi ṣíbí ìjẹun 1 ni oògùn rẹ̀.

Kí ẹ tó da omi oyin yìí sórí tíréè, ẹ fi fọ́ọ̀kì gún ọ̀dùnkún àti kárọ́ọ̀tì. Ó gbọ́dọ̀ wọlé láìjẹ́ pé ẹ tì í. Tí kò bá tíì rọ̀, ẹ dá a padà fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ má sọ pé yóò rọ̀ pẹ̀lú oyin. Kò ní rọ̀.

Tó bá ti rọ̀, ẹ da omi oyin lé e lórí, ẹ pò ó kó kan gbogbo rẹ̀, ẹ dá a padà. Ìṣẹ́jú 5, ẹ yí i, ìṣẹ́jú 3 sí 5 sí i. Ẹ má kúrò nídìí ófùnù, ẹ má gbé fóònù. Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú oyin ti ń yí àwọ̀ láti nǹkan bí 110°C, ófùnù yín sì wà ní 200. Láàárín ìṣẹ́jú 2 péré, yóò ti kúrò ní àwọ̀ epo tó ń dán, yóò ti di dúdú. Nígbà tí ara rẹ̀ bá ń dán, tí etí ọ̀dùnkún sì ti ṣú díẹ̀, ẹ gbé e jáde.

Àwọn kan ní àwọn ń tètè da oyin sí i kó lè wọnú. Oyin kì í wọnú ọ̀dùnkún nínú ófùnù. Ara ló ń dúró sí, níbẹ̀ náà ló sì ń jóná. Àwọn mìíràn á fi fọ́ìlì bò ó kó má jóná. Kò ní jóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ á sè é ní ìsàlẹ̀ fọ́ìlì náà. Ẹ dúró de àkókò rẹ̀.

Ẹni tí kò ní ófùnù

Ìkòkò irin tó nípọn tó sì ní ìdérí. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ sí i ní ìwọ̀n ínṣì 2, ẹ to òkúta kéékèèké 3 sórí iyanrìn, ẹ gbé e ka àdògán eléèédú, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 20 kó gbóná. Ẹ wá gbé abọ́ páànù pẹrẹsẹ tí ọ̀dùnkún wà nínú rẹ̀ lé òkúta lórí, ẹ dé e, kí ẹ sì kó èédú tó pọ́n sórí ìdérí náà. Láìsí iná lókè, ìsàlẹ̀ á jóná, òkè á funfun. Ẹ fi ìṣẹ́jú 10 sí 15 kún gbogbo àkókò tó wà lókè, àfi ti oyin nìkan. Ti oyin kò yí padà. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe inú yàrá: èéfín èédú tí ojú kò rí ń pààyàn.

Fún ìnáwó

Fún bí èèyàn 50, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po 8: ọ̀dùnkún 8 kílò, kárọ́ọ̀tì 4 kílò, oyin ṣíbí ìjẹun 24, ìyẹn bí 500 gíráàmù, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìgò 75cl. Ata nìkan ni kí ẹ má sọ di ìlọ́po 8. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí tíì 3, ẹ tọ́ ọ wò. Omi oyin tó pọ̀ tó báyìí kò ní ki ní ìṣẹ́jú 4, ó lè gbà tó 12, páànù tó fẹjú ni kí ẹ sì lò. Tíréè 16 ni ọ̀dùnkún náà yóò gbà. Ẹ yan án sílẹ̀ láìsí oyin ní òwúrọ̀, tíréè mélòó kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá fi oyin ṣe é lójú agbo nígbà tí àlejò bá ti jókòó. Èyí tí wọ́n ti fi oyin sí láti àárọ̀ á ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ kí wọ́n tó gbé e dé iwájú ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ṣẹ́kù

Kó má dúró síta ju wákàtí 2 lọ nínú ooru wa yìí. Nínú fíríìjì tí iná rẹ̀ kì í já, ọjọ́ 3. Páànù gbígbẹ lórí iná rírọ̀ lẹ óò fi mú un gbóná, láì fi omi sí i.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 kò gbọ́dọ̀ jẹ nínú rẹ̀, bó ti wù kó sunkún tó. Kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú oyin, tí ikùn ọmọ kékeré kò lè borí, ooru ófùnù ilé kì í sì í pa á. Ẹ yọ ti ọmọ sílẹ̀ kí oyin tó kàn án, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ fún un.

Tíréè tí oyin ti gan mọ́, ẹ má fi irin tàbí ọ̀bẹ họ ọ́. Ẹ da omi gbígbóná àti ọṣẹ sí i nígbà tí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú 20, yóò ti ṣí fúnra rẹ̀.