Kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì kì í tóbi títí? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ojú ìta àti inú

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS1 àti olùkọ́ bàọ́lọ́jì máa ń béèrè oríṣiríṣi nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kọsẹ̀. Wọ́n rò pé bí sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ kékeré tí a fi kọ́ ara ohun abẹ̀mí, bá ṣe ń tóbi ni ojú ìta rẹ̀ (surface area) ń dín kù. Kì í dín kù o. Mo kó díẹ̀ lára àwọn ìbéèrè náà jọ síbí.

Ìbéèrè: Sà, mo ṣe ìṣirò kúùbù mẹ́ta. Èyí tó tóbi jù ló ní ojú ìta tó pọ̀ jù. Kí ló wá dé tí wọ́n fi ní sẹ́ẹ̀lì kékeré ló ń rí oúnjẹ gbà dáadáa?

Ìdáhùn: Ìṣirò rẹ tọ̀nà, o kàn dá a dúró láàárín ọ̀nà ni. Kúùbù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 ní ojú mẹ́fà, ojú ìta rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 6, inú rẹ̀ (volume) sì jẹ́ 1. Bí ẹ̀gbẹ́ náà bá di 2, ojú ìta á di 24, inú á di 8. Bó bá di 3, ojú ìta á di 54, inú á di 27. Wò ó dáadáa: láti 1 dé 3, ojú ìta fi ìlọ́po 9 pọ̀ sí i, àmọ́ ìlọ́po 27 ni inú fi pọ̀ sí i.

Ojú ìta ni oúnjẹ àti ọ́síjìn ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni ìdọ̀tí ń gbà jáde. Inú ni wọ́n ti ń ná an. Fi inú pín ojú ìta, wàá rí 6, lẹ́yìn náà 3, lẹ́yìn náà 2. Nínú kúùbù kékeré, ojú ìta 6 ló ń bọ́ ìwọ̀n 1 nínú. Nínú èyí tó tóbi jù, 2 péré ló kù láti bọ́ ìwọ̀n kan náà.

Bí wọ́n bá bi ọ́ nínú ìdánwò, má kọ ọ́ pé ojú ìta dín kù. Kọ ọ́ pé ìpín ojú ìta sí inú ló dín kù. Ọ̀rọ̀ kan yẹn lè gba máàkì lọ́wọ́ rẹ.

Ìbéèrè: Kúùbù kan náà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi wọ̀n. Ìpín tí èmi rí jẹ́ 0.6, òun rí 6. Ta ló ṣì í?

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó ṣì í. Ìwọ fi mílímítà wọ̀n ọ́n, òun fi sẹ̀ǹtímítà wọ̀n ọ́n. Ẹ̀gbẹ́ mílímítà 10 máa fún ọ ní ojú ìta 600 àti inú 1,000, ìyẹn 0.6. Ẹ kàn fẹnu kò lórí ẹyọ ìwọ̀n kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kúùbù kan wé òmíràn.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí. A gé ọ̀dùnkún sí kúùbù ńlá àti kékeré, a rì wọ́n sínú áyódíìnì fún práátíkà, kí a lè wo bí nǹkan ṣe ń wọnú wọn. Gbogbo wọn kàn dúdú lójú ìta, àwọ̀ náà ò wọnú. Àwọn ọmọ ò rí nǹkan kan dì mú.

Ìdáhùn: Sítáàṣì inú ọ̀dùnkún ló ń fa wàhálà yẹn. Gbogbo áyódíìnì tó bá wọlé ni sítáàṣì ń gbá mú lẹ́nu ọ̀nà, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò sì rọ́nà kọjá títí ti iwájú á fi yó. Ẹ fi ọ̀dùnkún sílẹ̀, ẹ lo agar, ìyẹn ìyẹ̀fun tó ń dì bí ẹ̀kọ bí a bá sè é tó sì tutù.

Ìwé máa ń ní kí ẹ po phenolphthalein (aró tó ń yí àwọ̀ padà bó bá pàdé ásíìdì) àti sódíọ̀mù háídírọ́sáìdì mọ́ agar, kí ẹ wá rì í sínú ásíìdì. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá ní wọn, ó dáa. Bí kò bá ní, omi ìsápá pupa tí a fi ń ṣe sóbò á ṣiṣẹ́ náà. Ẹ se agar nínú omi títí á fi yọ́, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí iná, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó da omi ìsápá díẹ̀ sí i. Ẹ má ṣe sè wọ́n pọ̀ o, torí pé ásíìdì inú ìsápá kì í jẹ́ kí agar tí a bá sè pẹ̀lú rẹ̀ dì dáadáa. Bó bá ti dì, ẹ gé e sí kúùbù sẹ̀ǹtímítà 1, 2 àti 3, kí ẹ sì rì wọ́n sínú omi káún tí ẹ ti sẹ́. Káún á máa wọlé díẹ̀díẹ̀, ibi tó bá sì dé, pupa ìsápá á yí padà níbẹ̀.

Ẹ máa yí àwọn kúùbù náà padà, torí ẹ̀gbẹ́ tó bá jókòó sísàlẹ̀ abọ́ kì í rí káún gbà. Ìgbà tí èyí tó kéré jù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí àwọ̀ dé àárín ni kí ẹ kó gbogbo wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá dúró kí gbogbo wọn yí tán, kò ní sí ohun tí ẹ ó fi han ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá là wọ́n sí méjì, kí ẹ fi rúlà wọn ibi tí àwọ̀ dé. Ìjìnlẹ̀ rẹ̀ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibẹ̀ ni àwọn olùkọ́ kan ti ń rò pé práátíkà bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn. Ìjìnlẹ̀ ò yí padà, èyí tó kù láàárín ló yàtọ̀. Bí káún bá wọ sẹ̀ǹtímítà 0.5, kúùbù kékeré ti yí tán. Ti sẹ̀ǹtímítà 2 ṣì ku kúùbù sẹ̀ǹtímítà 1 láàárín rẹ̀, ìyẹn ìdá 1 nínú 8. Ti sẹ̀ǹtímítà 3 ṣì ku 8 nínú 27, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 30 nínú 100. Bó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ni, apá tí ebi ń pa nìyẹn.

Ìbéèrè: Ṣé ìpín yẹn nìkan ni ìṣòro sẹ́ẹ̀lì ńlá?

Ìdáhùn: Rárá. Ọ̀nà jíjìn wà níbẹ̀, lójú tèmi, òun ló yẹ kí ìwé kọ́kọ́ sọ. Bí ọ́síjìn bá fẹ́ tàn káàkiri nínú omi, ó lè rin máíkírómítà 10 (1,000 rẹ̀ ló wà nínú mílímítà 1), tí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì wa ò jù lọ púpọ̀, láàárín ìdá kan nínú ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Mílímítà 1 á gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Sẹ̀ǹtímítà 1 á gbà á ní nǹkan bíi wákàtí méje! Bí ọ̀nà bá fi ìlọ́po 10 gùn sí i, ìlọ́po 100 ni àkókò fi ń gùn sí i. Ẹni tó bá ti se iṣu odidi àti iṣu tí a gé wẹ́wẹ́ mọ bó ṣe ń rí.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ẹyin ògòǹgò jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Báwo ló ṣe yọ nínú òfin yìí?

Ìdáhùn: Èèpo àti funfun ẹyin kì í ṣe ara sẹ́ẹ̀lì náà, pupa inú rẹ̀ ni. Oúnjẹ tí a kó pamọ́ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú pupa náà. Oúnjẹ tó jókòó síbì kan kì í mí. Apá tó ń ṣiṣẹ́ kéré, ó tẹ́ pẹrẹsẹ lójú pupa ẹyin. Fọ́ ẹyin adìyẹ sínú abọ́, wàá rí tòun bí àmì funfun kékeré.

Ìbéèrè: Bakitéríà tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 1 ńkọ́?

Ìdáhùn: Thiomargarita magnifica lo ń sọ, tí ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 2022. Ara ewé tó bọ́ sínú omi àárín igi máńgúróòfù ní erékùṣù Guadeloupe ni wọ́n ti rí i. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, àpò omi ńlá kan ló sì gba àárín rẹ̀, gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́. Kò rú òfin kankan.

Títẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ń gba sẹ́ẹ̀lì iṣan-ìmọ̀lára là pẹ̀lú. Èyí tó ti ẹ̀yìn wa lọ dé ẹsẹ̀ lè gùn tó mítà 1, àmọ́ kò nípọn ju máíkírómítà díẹ̀ lọ. Bí nǹkan bá rí gbọọrọ bí ọ̀pá, sísanra rẹ̀ ló ń pinnu ìpín ojú ìta sí inú, gígùn kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Ní ti ẹrù tó gbọ́dọ̀ rin ìrìn mítà kan yẹn, sẹ́ẹ̀lì náà kì í dúró de ìtànká. Ó ní àwọn purotéènì tó ń gbé e, wọ́n sì lè gbé e lọ tó mílímítà 400 lóòjọ́.

Ìbéèrè: Ṣé sẹ́ẹ̀lì erin tóbi ju ti eku lọ ni?

Ìdáhùn: Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ó kàn pọ̀ níye jù ú lọ ni.

Ìbéèrè: Ìwé wa ní bí a bá tẹ́ ojú inú ìfun kékeré sílẹ̀, ó máa tó pápá tẹ́níìsì. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni pé àwọn ìka wẹ́wẹ́ inú ìfun wà láti fi kún ojú ìta, torí ẹ̀kọ́ kan náà yìí. Àsọdùn ni ti pápá tẹ́níìsì, tó ju mítà onígun mẹ́rin 250 lọ. Lọ́dún 2014, àwọn olùṣèwádìí ní Sweden tún un wọ̀n, wọ́n sì rí nǹkan bíi 30. Ẹ fi bírò ṣàtúnṣe rẹ̀ sínú ìwé yín.