Àyà Títa Lẹ́yìn Oúnjẹ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Mo ti fi ata sílẹ̀, mo ti fi ọsàn sílẹ̀, síbẹ̀ bí mo bá ti dùbúlẹ̀ lóru, àyà á máa ta mí, omi kíkan á sì máa gun ọ̀fun mi bọ̀. Kí ló kù tí mi ò tíì ṣe?

Aago mélòó lẹ máa ń jẹun alẹ́? Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣíwájú, kí á tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka èèwọ̀ oúnjẹ.

Níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọ inú àpò oúnjẹ, iṣan róbótó kan wà tó máa ń ṣí kí oúnjẹ lè kọjá, tó sì máa ń pa dé kí ohun tó ti wọlé má bàa padà. Ásíìdì tí inú ń sun jáde láti fi da oúnjẹ kì í sábà pa àpò oúnjẹ lára, torí pé àpò náà ní ohun tó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Bí iṣan yẹn bá dẹ̀, tàbí tí oúnjẹ kún àpò ju bó ṣe yẹ lọ, ásíìdì á rọ́nà gòkè. Bí èèyàn bá wà ní ìdúró tàbí ìjókòó, ó máa ń tètè padà sísàlẹ̀. Bó bá ti dùbúlẹ̀, kò sí ohun tó ń fà á sọ̀ mọ́.

Ẹ wá wo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, tó sì ń gbé Ìkòròdú. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò ní jẹ́ kó délé títí aago 9 alẹ́ á fi kọjá. Ebi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á kú. Á jẹ ẹ̀bà, á jẹ ẹ́ yó bámúbámú, á rọ omi lé e, á sì sùn ní aago 10 ààbọ̀, torí pé ó fẹ́ jí ní ìdájí. Ẹni yìí lè má fẹnu kan ata rodo títí ọdún á fi yípo, àyà á ṣì máa ta á. Ó yẹ kí wákàtí 2 sí 3 wà láàárín òkèlè tó kẹ́yìn àti ìgbà tí èèyàn máa fi ẹ̀yìn lélẹ̀.

Iṣẹ́ ló ń mú kí n pẹ́ délé, kì í ṣe ẹjọ́ mi. Ṣé kí n máa febi sùn ni?

Rárá o. Ẹ sọ oúnjẹ ọ̀sán di oúnjẹ ńlá yín. Iyán, ẹ̀bà tàbí àmàlà, ọ̀sán ni kí ẹ jẹ ẹ́. Kí ẹ tó wọkọ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ jẹ nǹkan díẹ̀, bíi mọ́ínmọ́ín kan tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, kí ebi má bàa lé yín dé ìdí ìkòkò. Bí ẹ bá wá délé, ẹ̀kọ kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má fẹ̀yìn ti àga gbọọrọ, ẹ jókòó dáadáa, tàbí kí ẹ fọ abọ́.

Ìró tí a so pinpin àti bẹ́líìtì tó fún ikùn náà ń dá kún un. Ẹ tú u sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó jẹun. Ọ̀rá ikùn ń ṣe iṣẹ́ kan náà: ó ń tẹ àpò oúnjẹ láti ìta. Fún ẹni tó sanra jù, kò sí ohun tó tún ń gbógun ti àìsàn yìí bíi kó dín ìwọ̀n ara rẹ̀ kù.

Ìrọ̀rí mẹ́ta ni mo ń tò lé ara wọn, kò ràn mí lọ́wọ́.

Kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ìrọ̀rí ń gbé orí àti ọrùn nìkan ni, ìbàdí ń ká, ikùn sì ń fún. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níhà orí ni kí ẹ gbé sókè, ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí gbogbo òkè ara lè dà gẹ̀rẹ́. Káfíńtà lè gé igi méjì tó nípọn fún yín. Mo mọ àwọn tó ń lo búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé onínṣì mẹ́fà, tí wọ́n dá dùbúlẹ̀, ó sì ń sìn wọ́n. Kí ẹ ṣáà rí i pé kò mì.

Ẹ tún gbìyànjú ẹ̀gbẹ́ òsì. Bí a ṣe dá inú wa, tí a bá fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, àpò oúnjẹ á wà nísàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà ọ̀fun, á sì ṣòro fún ásíìdì láti gòkè. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló burú jù fún ọ̀ràn yìí.

Ẹ dákun, ṣé Yorùbá á wá máa jẹ ọbẹ̀ tí kò lata ni?

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ata kì í ṣe gbogbo èèyàn bákan náà. Ohun tó ń jóni nínú ata máa ń ta ibi tí ásíìdì ti bó tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló fi ń dà bíi pé òun ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹlòmíràn wà tí ata kì í ṣe nǹkan kan, tó sì jẹ́ pé tòmátò ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Èyí tí àwa máa ń gbójú fò ni epo. Oúnjẹ tí epo tàbí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń pẹ́ nínú kó tó dà, ó sì ń mú kí iṣan tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè dẹ̀. Ẹ wo ọbẹ̀ ayamáṣe, tí a ń fi jẹ ìrẹsì ọ̀fadà: ata ń jà níbẹ̀, epo sì ń léfòó lórí rẹ̀. Bí àyà bá ta yín lẹ́yìn rẹ̀, ata nìkan lẹ máa bú. Dòdò, àkàrà àti ẹran díńdín wà lára ẹgbẹ́ yìí. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ dín epo kù. Ẹ fi tàtàṣé pọ̀ sí i, kí rodo jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì. Mọ́ínmọ́ín dípò àkàrà, ẹja sísè dípò èyí tí a dín.

Kí ẹ wá máa kọ ohun tí ẹ jẹ àti aago tí ẹ jẹ ẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé yẹn ló máa sọ èèwọ̀ tiyín fún yín, kì í ṣe èèwọ̀ aládùúgbò.

Gàrí mímu àti ògì ńkọ́?

Kíkan ni ìṣòro àwọn méjèèjì. Gàrí Ìjẹ̀bú kan ju èyí tí wọn ò jẹ́ kó pẹ́ kó tó di yíyan lọ. Tí ògì bá ń dà yín láàmú, ẹ máa da omi orí rẹ̀ nù lójoojúmọ́, kí ẹ sì tètè lò ó.

Mo máa ń jẹ obì kí oorun má bàa kùn mí níbi iṣẹ́ alẹ́.

Káfíìnì wà nínú obì, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú kọfí. Ó lè mú kí iṣan yẹn dẹ̀. Ọtí, sìgá, ṣokoléètì àti súìtì tó ní mint náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́rìndòdò ní tirẹ̀ ń fi gáàsì kún inú, gáàsì náà á sì gbé ásíìdì dání bí ẹ bá gùnfẹ̀.

Mílíìkì tútù máa ń tù mí lára. Ìyá mi sì ní kí n máa lá kaun.

Mílíìkì á tù yín fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà inú á tún sun ásíìdì mìíràn. Kaun ń pa ásíìdì lóòótọ́, àmọ́ sodium, èròjà tó wà nínú iyọ̀, pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín kò gbọ̀dọ̀ fi ṣe oògùn. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ màmá. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ ni mo bẹ̀rù jù: ọtí tó ń dá àìsàn yìí sílẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé e fún yín. Jíjẹ ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní mint lẹ́yìn oúnjẹ sàn jù, torí itọ́ tí ẹ ń gbé mì ń fọ ásíìdì sísàlẹ̀.

Gbogbo èèyàn ń sọ pé ọ́sà (ulcer) ni mo ní.

Gbogbo inú tó bá ti ta la ń pè ní ọ́sà nílé wa. Ọ́sà jẹ́ egbò nínú àpò oúnjẹ tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, abẹ́ igbá àyà ló sì ti sábà máa ń dunni. Èyí tí à ń sọ yìí ń ta láàárín àyà, ó ń gòkè, ó sì ń le sí i bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí tó dùbúlẹ̀. Barry Marshall àti Robin Warren ti Ọsirélíà ló fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí kan, Helicobacter pylori, ló ń fa ọ̀pọ̀ ọ́sà, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí lọ́dún 2005. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ tàbí ti èémí lè fi kòkòrò náà hàn. Oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti diclofenac náà ń dá egbò sínú, kí ẹ má kàn máa rà á ní kẹ́míìsì.

Tí dókítà bá kọ omeprazole, oògùn tó ń dín ásíìdì kù, fún yín, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ ni kí ẹ lò ó. Ọ̀pọ̀ ń lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n á wá ní kò ṣiṣẹ́.

Nínú ààwẹ̀, lẹ́yìn sààrì ni tèmi máa ń le jù.

Torí pé ẹ ń padà sùn lẹ́yìn ìrun Súbúhì ni. Ẹ jókòó, ẹ ka Kùránì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí ẹ bá ṣínu, ẹ fi dàbínù àti omi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má kún inú ṣáájú ìrun àṣámù, nítorí ìforíkanlẹ̀ lórí ikùn tó kún máa ń rọ́ ásíìdì sókè.

Oyún oṣù méje ni mo ní, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Èròjà ara tó ń bá oyún rìn ń mú kí iṣan náà dẹ̀, ilé ọmọ sì ń ti àpò oúnjẹ sókè. Ẹ máa jẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà lóòjọ́. Ó sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ bi nọ́ọ̀sì yín léèrè kí ẹ tó lo oògùn kankan.

Ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò tó mọ́?

Bí oúnjẹ bá ń há yín lọ́fun, bí ẹ bá ń rù láìṣe pé ẹ fẹ́ rù, bí ẹ bá bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ. Bí àyà bá ń dunni tí ìrora náà ń ran apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn ń bọ̀, tí èémí sì ń há, ó lè jẹ́ ọkàn. Ẹ má dúró mu oògùn ásíìdì, ẹ wá ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀.