Bí mo ṣe kun táìlì balùwẹ̀ Màámi láìfọ́ ẹyọ kan

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ o, èmi kì í ṣe pẹ́ńtà, aṣọ ni mò ń rán. Ọ̀rọ̀ táìlì yìí kàn já lé mi lórí ni, torí èmi ni mo sún mọ́ Màámi jù nínú àwa ọmọ wọn, àwọn tó kù wà l'Ékòó, ẹnì kan wà ní Kánádà, owó làwọn yẹn máa ń fi ránṣẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ dọwọ́ èmi àti àbúrò mi ọkùnrin.

Ilé wa tó wà ní Mọ́lété, n'Íbàdàn, 1984 ni bàbá wa kọ́ ọ tán. Balùwẹ̀ ìsàlẹ̀, táìlì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ẹ̀ yípo, ó ga tó imú mi. Píńkì ni, kì í wá ṣe píńkì tó dáa, àwọ̀ oògùn olómi tí wọ́n máa ń fún wa mu ní kékeré tí inú bá ń run wá. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ò ju íńṣì 6 sí 6 lọ. Mo kà á: ìlà 10 látilẹ̀ dókè, 43 ní yíyípo téèyàn bá yọ ẹnu ọ̀nà kúrò, 430 nìyẹn. Ó lé lógójì ọdún tí ọṣẹ àti omi kànga ti ń ṣàn lórí wọn, Màámi ní tí àlejò bá ti béèrè balùwẹ̀, ojú máa ń ti àwọn.

Bíríkìlà tá a kọ́kọ́ pè wá wò ó, ó fi ìdí òòlù kan ògiri kọ́kọ́kọ́, ó ní Àǹtí, àwọn táìlì yìí ṣì di ògiri mú dáadáa, ká ní wọ́n ń dún bí igbá òfìfo ni, mi ò bá ní ẹ jẹ́ ká wú u. Ó ní tá a bá ní ká máa gbẹ́ ẹ, pílásítà ló máa bá a wá, páìpù irin tí wọ́n sì gbìn sínú ògiri láti 1984 wà níbẹ̀, tí ṣísẹ́lì bá lọ ṣèèṣì bà á, a tún máa wá pọ́mbà nìyẹn. Owó tó pè, mi ò ní kọ ọ́ síbí kí orí má baà fọ́ yín. Ni mo bá ní màá kùn ún.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo tẹ́. Oṣù July ọdún tó kọjá ni, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, mo mú ọ̀dà gloss funfun tó kù lára èyí tá a fi kun irin wíńdò, mo fi omi ọṣẹ nu ògiri lẹ́ẹ̀kan péré, mo kùn ún. Ó dán! Mo ya fọ́tò, mo gbé e sí WhatsApp ìdílé wa, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ní ó jọ ti òtẹ́ẹ̀lì. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màámi fi omi gbígbóná wẹ̀ lọ́jọ́ kan, ibì kan lára ògiri bá wú bí ojú àkàrà, mo fi èékánná tọ́ ọ, ló bá ń ṣí tẹ̀lé mi lọ́wọ́ gbọọrọ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, píńkì tó wà lábẹ́ ẹ̀ sì ń dán bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò kàn án rí. Màámi ò bú mi, wọ́n kàn ní "Ó mà ṣe o." Ká ní wọ́n bú mi ni ì bá sàn.

Ìgbà tí mo wá jókòó rò ó ni mo rí i pé ohun tí mo mọ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ náà ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù lẹ stay, ìyẹn aṣọ tó ń mú kọ́là dúró, mọ́ kọ́là, tí epo bá ti kan aṣọ yẹn, kò ní lẹ̀, ẹ ò báà tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ògiri tá a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ máa ń mu ọ̀dà, ìdí nìyẹn tí emulsion fi ń dì í mú. Táìlì kì í mu nǹkan kan ní tiẹ̀. Ojú ẹ̀ yẹn, oríṣi dígí ni, inú ààrò ni wọ́n ti yọ́ ọ mọ́ amọ̀ lára, kò sí ihò tí ọ̀dà máa gbà wọlé. Ohun méjì ló lè mú kí ọ̀dà dúró níbẹ̀: kẹ́ ẹ ha ojú dígí yẹn títí á fi rí ṣákiṣàki, kẹ́ ẹ sì lo ọ̀dà tó ń lẹ̀ fúnra ẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù, ìyẹn epoxy, èyí tó máa ń wá ní garawa méjì, ọ̀dà lọ́tọ̀, hardener tó ń mú un le lọ́tọ̀.

Ni mo bá sún un di January ọdún yìí kí ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo nǹkan. Mo lọ sí Ògùnpa. Ìyá tó ń ta ọ̀dà, ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé "Ara ògiri ni àbí ilẹ̀?" Mo ní ara ògiri. Wọ́n ní ó dáa, ká ní ilẹ̀ ni, àwọn ò ní tà á fún mi, torí pé ẹsẹ̀ àti báákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ á ha á kúrò láìpẹ́, màá sì wá bá àwọn jà. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn. Mo ra epoxy funfun, práímà (ọ̀dà tí wọ́n kọ́kọ́ ń kùn sábẹ́) tó wà fún ojú nǹkan tó ń dán, sánpépà nọ́ńbà 220 tó ṣe é rì sómi, róólà fóòmù kékeré oní-íńṣì 4, búrọ́ọ̀ṣì kan, téèpù bébà, sípíríìtì, ìbọ̀wọ́, ìbòmú, àti sìmẹ́ǹtì funfun díẹ̀.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ gan-an, fífọ̀ ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi fọ̀ tá a sì fi ha ògiri, kíkùn fúnra ẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Gọ́ọ̀mù silicone tó yí síǹkì ká la kọ́kọ́ mú, mo fi bíléèdì rẹ́ ẹ kúrò títí dórí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tójú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, torí ibi tí silicone bá kù sí, ọ̀dà máa ń sá fún un ni, á fi ihò róbótó róbótó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo fi Hypo pa èèbu dúdú tó wà láàárín táìlì sí táìlì, mo ṣan án dáadáa, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kejì ni mo tó fi fínígà yọ nǹkan funfun tí omi kànga ti lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má po méjèèjì pọ̀ o, ẹ má sì fi ìkan lé ìkan lórí kẹ́ ẹ tó ṣan án, gáàsì tó máa ń jáde níbẹ̀ máa ń gba ọ̀nà ọ̀fun lọ tààrà, inú balùwẹ̀ kékeré ló sì burú sí jù. Ọṣẹ ìfọbọ́ ló kẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mejì. Omi àkọ́kọ́ tó ti ara ògiri yẹn jáde, ẹni tí ò bá mọ̀ á ní ìkòkò àmàlà la ṣan.

Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé ó ti mọ́: mo fọ́n omi sí i lára. Ibi tómi bá ti kó ara jọ wínníwínní bí omi orí ewé kókò, epo ṣì wà níbẹ̀. Ibi tó bá tẹ́ lọ bẹẹrẹ, ibẹ̀ mọ́. Ìdí ibi tí Màámi máa ń gbé ìpara sí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fọ ibẹ̀ kó tó gbà fún mi.

A wá fi sìmẹ́ǹtì funfun dí àwọn àlàfo tó ti ṣí, táìlì méjì tó sán, body filler tí àwọn pánẹ́ẹ̀lì-bítà ń lò la fi dí tiwọn. Lẹ́yìn náà la wá mú sánpépà. Omi la fi ń ha á, a ò ha á ní gbígbẹ, torí wọ́n máa ń po òjé mọ́ nǹkan tí wọ́n fi ń mú ojú táìlì àtijọ́ dán nígbà míì, mi ò sì fẹ́ fa eruku òjé símú, ìbòmú náà sì wà lójú wa. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kí iná máa gba ẹ̀gbẹ́ lọ, táìlì tó bá ṣì ń kọ mọ̀nà, ẹ ò tíì ha á. Apá mi! Lọ́jọ́ kejì mi ò lè gbé ọwọ́ dé orí ẹ̀rọ ìránṣọ.

A ṣan eruku ẹ̀ kúrò, ó gbẹ mọ́jú, a fi aṣọ funfun tá a rẹ sínú sípíríìtì nù ún. Látìgbà yẹn lọ, ọwọ́ lásán ò gbọdọ̀ kàn án mọ́, mo sì sọ fún àbúrò mi. Àbúrò mi jẹ dòdò tán, ó wọlé wá bi mí bóyá mo fẹ́ jẹun, ó fọwọ́ ti ògiri. Ìka mẹ́rin. Mo rò pé mo ti nù ún kúrò, àfìgbà tí mo yí práímà kọjá níbẹ̀ tí ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ jáde bí àwòrán, ọ̀dà sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ha ibẹ̀ padà, mo tún un ṣe.

Práímà sùn mọ́jú, mo fi sánpépà rà á lójú díẹ̀. Ó wá ku epoxy, ibí ni mo ti jìyà ìwàǹwára. Lára garawa tèmi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé agolo mẹ́rin ọ̀dà sí agolo kan hardener, ẹ wo ara tiyín, kì í ṣe ọ̀kan náà. Èmi wá ní kí n má baà máa pò ó lápòtúnpò, mo da gbogbo ẹ̀ pọ̀ nínú ike kan tó jìn. Mi ò tíì kùn dé ìdajì ògiri kìíní tí ike náà fi ń gbóná lọ́wọ́ mi, mo ní kí ló dé, oòrùn ò sì tàn níbí. Kó tó pé wákàtí kan, ó ti ki bí ẹ̀kọ tútù, róólà dúró ṣinṣin nínú ẹ̀, mo fà á, òun àti ike ló jọ dìde. Ìgbà tí mo padà sí Ògùnpa ni ìyá yẹn tó là mí lóye, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi: hardener àti ọ̀dà ń bá ara wọn jà ni, ìjà yẹn ló ń mú un gbóná, bó bá sì ṣe pọ̀ tó lójú kan ló ṣe máa ń gbóná tó tí á sì tètè dì. Wọ́n ní kí n máa pò ó díẹ̀díẹ̀, kí n tẹ́ ẹ sínú abọ́ pẹrẹsẹ. Owó epoxy tuntun tí mo tún rà, inú owó aṣọ ìyàwó kan tí mo rán ló ti jáde.

Látìgbà náà, agolo mílíìkì kékeré ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, mẹ́rin sí ọ̀kan, mo rò ó pọ̀ dáadáa débi ìsàlẹ̀, tá a bá kùn ún tán, a tún po òmíì. Àbúrò mi ń fi búrọ́ọ̀ṣì ṣáájú láàárín táìlì sí táìlì, èmi ń fi róólà tẹ̀lé e, fẹ́lẹ́ fẹ́lẹ́ ni o, ẹ má jẹ́ kó wù yín láti mú kó bo píńkì lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá nípọn á máa ṣàn wálẹ̀ bí omijé. Ìkùn kìíní, píńkì ṣì ń yọjú. Ìkùn kejì lọ́jọ́ kejì, ó bò ó.

Ọyẹ́ yẹn wá dára fún gbígbẹ lóòótọ́ ṣùgbọ́n eruku ẹ̀ kò dára, wíńdò ò sì ṣe é tì nítorí òórùn epoxy tó ń kọ orí mọ́ èèyàn. Mo wá ri ìró àtijọ́ Màámi kan sínú omi, mo fún un, mo ta á bo ojú wíńdò kó máa gba eruku, atẹ́gùn ń wọlé, eruku ń dúró sára ìró. Ìró yẹn pọ́n bí ilẹ̀ nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́. Téèpù, ẹ ṣí i nígbà tí ọ̀dà ò tíì le tán, tó bá le tán kẹ́ ẹ tó ṣí i, á bá ojú ọ̀dà lọ.

Ọjọ́ méje la ò jẹ́ kí omi kàn án. Màámi ń wẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ páànù, wọ́n ní àwọn ti padà sí ilé bàbá àwọn ní abúlé, àràárọ̀ ni wọ́n ń béèrè pé ọ̀dà wo ló ń sùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ kẹjọ ni mo fi silicone tuntun yí ìdí síǹkì ká, mo fi ìka tó ní omi ọṣẹ fà á kó tẹ́.

Ó ti lé ní oṣù méje báyìí. Omi gbígbóná ti dà sí i lára lọ́pọ̀ ìgbà, kò wú. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn gan-an, ẹ máa rí i pé ọ̀dà ni, kò dán bíi ti táìlì tuntun, ibì kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn tí eruku ọyẹ́ ti kó sínú ẹ̀ tó ń ta ọwọ́ bí iyanrìn. A kì í lo kàn-ìn-kàn-ìn oníwáyà níbẹ̀ mọ́, aṣọ rírọ̀ àti omi ọṣẹ ni. Oṣù tó kọjá, etí garawa irin gbá igun kan, ó ṣí bí orí èékánná, píńkì yọjú. Epoxy tí mi ò pò ṣì kù nínú garawa méjèèjì, mo fi ṣíbí tíì wọn mẹ́rin sí ọ̀kan, mo fi orí ìṣáná kán an síbẹ̀. Màámi dúró tì mí, wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì dání, wọ́n ní ó kù díẹ̀ lápá òsì.